Àwọn Lẹ́tà Àlejò

"Sìsí, bí BAG bá jẹ́ méjì, ọ̀kan, méje, kí ni HEAD máa jẹ́?"

Bọ́tìnnì ni mo ń ṣà lọ́wọ́ níwájú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Mo gbójú sókè. "Báàgì ta ló sọnù?"

Àmúdàtù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún fajú ro. "Kò sí báàgì tó sọnù, Sìsí. Ìbéèrè ọgbọ́n orí ni. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. B ni méjì, A ni ọ̀kan, G ni méje. Wọ́n wá ní kí n wá iye ti HEAD."

"Ṣé o ti wá a?"

"Mo ti wá a. Mẹ́sàn-án, mẹ́rin, ọ̀kan, mẹ́ta."

"Ó ti parí nìyẹn."

"Kò parí o. Mísì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà ni Mísì ń ní kò rí bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ibi tí mo ti ń ṣì í."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Àmúdàtù jẹ́ fún yín, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí, bàbá mi ní kí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ wa l'Ékòó. Mo jù ú lọ díẹ̀, òun ló fi ń pè mí ní Sìsí. Èmi Ganiat kò pẹ́ nílé ìwé. Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni mo wà tí ìyá mi fi ní òun ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá òun ta òwú àti bọ́tìnnì. Kò dùn mí nígbà náà. Bí ti ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin àdúgbò wa ṣe rí nìyẹn.

Ọdún kejì tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá kí wa l'Ékòó ni ohun tí mo ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àmúdàtù wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé kan lápá Ìgbóṣẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pe bàbá mi ní Bàbá Jimoh, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Fìlà ni Bàbá ń rán. Wọn kò ka ìwé òyìnbó, kéú ni wọ́n kà nígbà èwe wọn, wọ́n sì kà á jinlẹ̀. Ènìyàn tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n. Ìgbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n pe Àmúdàtù sí iwájú gbogbo wa.

"Àmúdà, mo gbọ́ pé ilé ìwé gíga ń bẹ fún obìnrin báyìí. Bí tíṣà yín bá fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ mọ́ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò, mo gbà, wàá lọ. Bí wọn kò bá fi ránṣẹ́, kó o padà sí Ẹ̀pẹ́, kó o lọ máa bá ìyá àgbà rẹ yan ẹja. Ẹja yíyan náà, iṣẹ́ ni."

Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mo rí bí Àmúdàtù ṣe di etí ìró rẹ̀ mú. Ọmọ náà fẹ́ràn ìwé bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran. Bí a bá fi bébà di epa wá sílé, á jẹ epa tán, á tún ka bébà.

Obìnrin ni tíṣà wọn. Mísì Màríà Joaquim ni wọ́n ń jẹ́, Àgùdà ni wọ́n, Pópó Àgùdà ni ilé wọn wà. Wọ́n tín-ín-rín, wọ́n máa ń wọ awò ojú, ohùn wọn kì í ròkè, síbẹ̀ kò sí ọmọ tó lè ní òun kò gbọ́. Mísì sọ fún àwọn ọmọ pé nínú ìdánwò ilé ìwé gíga, èyí tí ẹ ń pè ní sẹ́kọ́ńdìrì lónìí, yàtọ̀ sí ìṣirò àti àròkọ, wọ́n tún máa ń béèrè ìbéèrè ọgbọ́n orí. Wọ́n á fi lẹ́tà ṣe iye. A bá ọ̀kan lọ, B bá méjì lọ, kí ni yóò bá H lọ? Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Mísì ń fún wọn ní irú rẹ̀ ṣe. Èyí tí wọ́n bá ṣe kẹ́yìn ni Mísì yóò fi mọ orúkọ tí yóò lọ.

Bẹ́ẹ̀, Àmúdàtù ló ń ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ìṣirò. Àròkọ rẹ̀ ni Mísì ń kà fún kíláàsì. Ṣùgbọ́n tó bá di ti lẹ́tà yìí, á ṣubú. Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni pé kì í ṣì í tán. Tí wọ́n bá béèrè F, á gbà á. Tí wọ́n bá béèrè G, á gbà á. Tí wọ́n bá dé orí H báyìí, ó bọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí Mísì rò pé kò ronú rárá.

"Tẹ́tẹ́ lò ń ta, Àmúdàtù," ni Mísì wí fún un. "Bí o bá rí i he, o rí i he."

Ẹni tó jókòó tì í ní kíláàsì ni Kíkẹ́lọmọ, ọmọ Sàró kan láti Olówógbowó. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá rẹ̀. Ẹnu Kíkẹ́lọmọ kò dákẹ́ rí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́.

"Ará Ẹ̀pẹ́," ló wí lọ́jọ́ kan, "orí ẹja nìkan lo mọ̀, o kò mọ HEAD."

"Tó o bá tó bẹ́ẹ̀, kọ́ mi."

"Kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ níbẹ̀? Ṣebí kíkà ni. Kà á!"

"Mo kà á."

"O kò kà á ire. Ó dáa, má da ara rẹ láàmú. Wo tèmi."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Kíkẹ́lọmọ ti bébà rẹ̀ sí etí tábìlì, Àmúdàtù wò ó, ó kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló gbà. Mísì ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. "Ẹ wá wo ẹni tó jókòó tó ronú!"

Nígbà tó délé tó sọ ọ́, Bàbá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n ṣàdúà fún un. Ìyá mi bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀. Bàbá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ àbúrò àwọn fẹ́ kó ilé ìwé òyìnbó sápò. Jímọ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀yìn náà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí àdúà ṣe ń pọ̀ sí i ni Àmúdàtù ń rù sí i.

Nídìí ẹ̀rọ omi ló ti jẹ́wọ́ fún mi. A ń dúró kó kàn wá, garawa wa wà lórí ìlà. Ó ní, "Sìsí, iṣẹ́ Kíkẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo?"

"Èyí tí Bàbá ń ṣàdúà sí."

 Obìnrin tó wà lẹ́yìn wa ní ká sún síwájú, a sún. Mo bi í pé, "Ọjọ́ ìdánwò gan-an ńkọ́? Kíkẹ́ á tún jókòó tì ọ́?"

"Rárá. Wọ́n ní kálukú á jókòó lọ́tọ̀."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"N kò mọ̀. Tí mo bá sọ fún Mísì, wọn ò ní fi orúkọ mi ránṣẹ́. Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Tí n kò bá sọ, mo lọ kó ìtìjú bá gbogbo yín níwájú àwọn tí n kò mọ̀ rí."

Èmi tí n kò mọ̀wé, kí ni mo fẹ́ wí? Ohun tí ìyá mi máa ń wí ni mo wí. "Àmúdà, aṣọ àyábora kì í yẹ ni. Bí ẹni tó ni ín bá bèèrè rẹ̀ lójú ọjà, ìhòòhò lèèyàn ń rìn délé."

 Ó gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Sìsí, ká ní mo mọ ibi tí mo ti ń ṣì í ni. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo ń kà á ire."

Jímọ̀ tó kẹ́yìn dé. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Mísì pín bébà. Lókè rẹ̀, wọ́n kọ àpẹẹrẹ wọn tí wọ́n máa ń kọ, BAG. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìbéèrè wà, HEAD, CAB, àti irú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Kíkẹ́lọmọ kọ tirẹ̀ wàrà, ó ti bébà rẹ̀ sí etí tábìlì. Àmúdàtù gbé ọwọ́ òsì, ó fi bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ fi ìgbòǹwọ́ gún un. "Ṣé orí ẹ pé? Òní lo fẹ́ máa ṣe èèmọ̀?"

"Jẹ́ kí n ṣe tèmi."

"Ṣé tìrẹ ni wọ́n ń wá ni? Èyí tó tọ̀nà ni wọ́n ń wá!"

"Kíkẹ́, jọ̀ọ́."

Ó ka lẹ́tà lórí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ohun tí ìka rẹ̀ bá sọ, ó sì fi bébà náà lélẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mísì ní kó dìde. Bébà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

"Àmúdàtù, Jímọ̀ tó ṣáájú, gbogbo rẹ̀ lo gbà. Jímọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kó o má gba nǹkan kan. Èwo nínú méjèèjì ni ìwọ?"

 Ó ní, "Ti Jímọ̀ yìí ni èmi, Mà."

"Ta ni ti Jímọ̀ tó ṣáájú?"

 Kò fẹ́ dárúkọ. Ìgbà náà ni àga dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Kíkẹ́lọmọ dìde, ẹni tí kò sẹ́ni tó pè é. "Èmi ni, Mà. Èmi ni mo ní kó máa wo tèmi."

 Mísì kò nà wọ́n. Ẹgba ì bá tilẹ̀ sàn. Wọ́n ní Kíkẹ́lọmọ á máa nu pátákó títí ọdún á fi parí. Wọ́n ní kí Àmúdàtù kó ìwé rẹ̀, kó lọ jókòó nìkan níwájú. Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò lọ́jọ́ náà, wọn kò kọ tirẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ ní ọ̀sán sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba orúkọ ìdánwò.

Nílé, Àmúdàtù kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Bàbá ń rán fìlà lọ, wọn kò gbójú sókè. Nígbà tó sọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Mo ti ṣàdúà lórí irọ́." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ fún un. Wọ́n wá kọjú sí Jíbrílù ẹ̀gbọ́n mi kékeré. "Bá a di ẹrù rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó bá kọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó bá a lọ."

Ìyá mi bẹ̀bẹ̀, Bàbá kò gbà. Èmi sunkún. Àmúdàtù kò sunkún ní tirẹ̀. Ó ń ká aṣọ.

Ọlọ́run ló ṣe é tí ọkọ̀ kò fi tètè lọ. Ní ọjọ́ kejì, Àmúdàtù lọ dá ìwé ilé ìwé padà. Mísì wà nínú kíláàsì nìkan, bébà rẹ̀ ṣì wà níwájú wọn lórí tábìlì. Wọ́n ti kọ oríṣiríṣi nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Jókòó," ni Mísì wí. "Nǹkan kan ń rú mi lójú. Gbogbo ibi tí H bá wà, mẹ́sàn-án lo kọ. Kò yẹ̀ rí. Gbogbo ibi tí D bá wà, mẹ́ta ni. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ kì í ta á bẹ́ẹ̀. Báwo lo ṣe rí CAB?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọ̀kan, méjì, Mà."

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! C? Níbo lo ti rí i?"

"Mo kà á ni, Mà."

"Ó dáa. Kà á kí n gbọ́."

Àmúdàtù dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní Ẹ̀pẹ́, ó fi ohùn orin gbé e: "A, B, D, E, Ẹ, F, G, GB, H, I, J, K..."

Mísì gbé ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n jẹ́ kó kà á dé Y. Wọ́n wá bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "C ńkọ́, ọmọ mi?"

"Ẹ̀yìn Y ló wà, Mà. Òun àti Q, V, X àti Z. Tíṣà wa ní Ẹ̀pẹ́ ní lẹ́tà àlejò ni wọ́n, ìsàlẹ̀ pátákó ni wọ́n máa ń kọ wọ́n sí. Wọ́n ní àlejò kì í jókòó sáàárín onílé."

Mísì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. Nígbà tí wọ́n máa nu ojú, Àmúdàtù ní òun kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń pa wọ́n àbí ẹkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ó ti yé yín. ABD ti Yorùbá ni ọmọ náà fi ń ka lẹ́tà òyìnbó. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀, òun ló há sórí. Ó mọ ABC, ó sì ń ka ìwé òyìnbó bí ẹni mumi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó fi ka iye rí kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé. Àwọn ọmọ Èkó bíi Kíkẹ́lọmọ ti ń kọrin ABC kí wọ́n tó fọ eyín. Tiwa kò ní C láàárín, ìyẹn ló sọ D di ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n Ẹ wa á wá dí àlàfo náà, ló fi jẹ́ pé F àti G bọ́ sí ibi kan náà nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni GB á tún ti H sẹ́yìn. Ẹ wá wo àpẹẹrẹ tí wọ́n ń kọ sókè bébà, BAG. Bí ẹ bá fi ABD kà á, ó gún. Bí ẹ bá fi ABC kà á, ó gún. Bí ọmọ náà bá ti wo àpẹẹrẹ, á rí i pé òun kà á ire, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì wọ inú kòtò.

Mísì kọ ABC sí pátákó, wọ́n kọ iye sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún un ní ìbéèrè tuntun. Ó gbà á. Wọ́n fún un ní èyí tó le jù ú lọ. Ó gbà á.

Mísì ní, "Ṣé o rí i? Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí o fi ń kọ ti Kíkẹ́lọmọ, bébà rẹ mọ́ tónítóní, kò sí ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Ìgbà tí o kọ tìrẹ ni mo rí ọ."

Lójú ẹsẹ̀ ni Mísì mú agbòòrùn, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní orúkọ ti wọlé, ìwé ti pa dé, ó di ẹ̀ẹ̀míì. Mísì padà wá, wọ́n bá Àmúdàtù lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. "Ó di ọdún tó ń bọ̀. Wàá tún kíláàsì yìí ṣe lọ́dọ̀ mi."

"Bàbá wa ti ní kí n padà sí Ẹ̀pẹ́, Mà. Ẹrù mi ti wà nílẹ̀."

"Níbo ni ilé yín?"

Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ sáré wọ agbo ilé. "Tíṣà Àgùdà ń bọ̀! Tíṣà ń bọ̀!" A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àsárì tán ni. Mísì wọlé pẹ̀lú agbòòrùn, ẹrẹ̀ gọ́tà ti ba bàtà wọn jẹ́. Ìyá mi ń wá àga kiri, Mísì ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, wọ́n kó yẹ̀rì wọn jọ, wọ́n jókòó sórí ẹní wa. Mo tẹ́wọ́ gba agbòòrùn.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá."

"Ẹ kú àbọ̀, Mísì. Ilé yín ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Bàbá. Nítorí Àmúdàtù ni mo ṣe wá."

"Mo mọ̀." Abẹ́rẹ́ Bàbá ń lọ, ó ń bọ̀. "Ẹ ti ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Ẹ má bínú. Ọmọ náà jí iṣẹ́ ẹlòmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ̀bi. Mo ti bá a wí, orúkọ rẹ̀ kò sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó mú un. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun á pàdánù."

"Ó yẹ kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó jí ewúrẹ́ tó dá a padà, ṣé ká tún fún un ní àgùntàn ni?"

Jíbrílù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Bàbá, ó gbé e mì. Mísì kò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń ṣì í." Wọ́n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ABD, àti C tó jókòó sí ẹ̀yìn Y bí àlejò.

Abẹ́rẹ́ Bàbá dúró. "Ẹ tún un sọ."

Mísì tún un sọ.

"Ẹ dúró ná," ni Bàbá wí. "Ẹ ní ètò tí wọ́n fi ń kà á, òun ló fi ṣe iye?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá gbé fìlà sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dìde ni. Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu wọn, ẹ̀rín tí a kò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ pípẹ́, títí ìyá mi fi yọjú láti ìdí ààrò.

"Alífù, báù, táù, sáù, jíímù! Bí a ṣe ń kà á ní kéú nìyẹn, Mísì. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí alùfáà bá fẹ́ fi lẹ́tà ṣe iye, ètò mìíràn ni. Alífù ni ọ̀kan, báù ni méjì, ó tán, jíímù ló di ẹ̀ta. Táù tí ẹ gbọ́ tó jókòó ṣìkẹta yẹn, irinwó ni tirẹ̀! Ọjọ́ tí alùfáà wa kọ́kọ́ bi mí ní iye táù, mo na ọwọ́ sókè, mo pariwo, 'Ẹ̀ta!' Pàṣán ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé rẹ̀. Títí mo fi parí Kùránì, Ẹ̀ta ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí."

"Irinwó!" ni Mísì wí. "Bàbá, n kò mọ̀ pé kéú náà ní irú rẹ̀."

"Èmi náà kò mọ̀ pé ti òyìnbó ní irú rẹ̀. Ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ lẹ́tà, lẹ́tà, mo rò pé nǹkan wọn ni." Bàbá wo Àmúdàtù tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú wọn ti rọ̀. "Àmúdà, sún mọ́ bí. Àṣìṣe tí o ṣe, èmi bàbá rẹ ti ṣe é ṣáájú rẹ. N kò ní lé ènìyàn kúrò nílé nítorí ìyẹn. Èyí tí o jí wò, ọdún kan tí o pàdánù ti tó fún un. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, Bàbá. Ẹ ṣeun, sà."

"Tíṣà rẹ ni kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jíbrílù, tú ẹrù yẹn."

Ìgbà náà ni Àmúdàtù wá sunkún.

Mísì ní kó máa wá sí ilé àwọn lọ́jọ́ Sátidé, àwọn á máa kọ́ ọ láìgba nǹkan kan. Bàbá ní ọmọbìnrin kì í dá rìn dé Pópó Àgùdà. "Ganiat, ìwọ ni wàá máa sìn ín lọ."

Mo sìn ín lọ. Sátidé àkọ́kọ́, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, mo ń wo àwọn tó ń kọjá. Mísì yọjú lójú fèrèsé. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ilẹ̀kùn lò ń ṣọ́ ni? Wọlé." Mo ní mo ti dàgbà jù, Mà. Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́ ní ọjọ́ orí? Mú léèdì yìí." Bí mo ṣe mọ̀wé kọ nìyẹn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, Àmúdàtù ṣe ìdánwò. Kíkẹ́lọmọ, tó ti wọ ilé ìwé gíga, ló kọ́kọ́ gbọ́ èsì. Ó sáré láti Olówógbowó wá, ribọ́ọ̀nù ti bọ́ lórí rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń tọ́ka sí Àmúdàtù, ó ń fò sókè. Ìyá mi ní, "Ọmọ yìí, ṣé ejò bù ọ́ jẹ ni?" Ó ní, "Ó wọlé, Mà! Ó wọlé!" Bàbá dojú kọ ìlà oòrùn, wọ́n forí kanlẹ̀.

Àmúdàtù di nọ́ọ̀sì. Ó tọ́jú ọmọ Èkó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ṣì wà láàyè, alihamudulilahi, ó sì máa ń sọ pé ká ní Kíkẹ́lọmọ kò jẹ́ kí òun wo bébà rẹ̀ ni, òun ì bá tètè rí ìwòsàn. Mo máa ń dá a lóhùn pé ká ní Kíkẹ́lọmọ kò dìde lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìwé lónìí, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ kò gùn. Tí ìbéèrè bá le, ẹ kọ tiyín. Ẹni tó bá kọ ti ẹlòmíràn tó sì gbà á, kò sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, nítorí àìsàn rẹ̀ kò hàn. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ tó sì ṣì í, tíṣà rere á rí ibi tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà, á fà á lọ́wọ́ padà. Tí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó mú yín. Ó máa ń dunni, ṣùgbọ́n kì í pani.

Ní tèmi, ọpẹ́ ló kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, tó gbà kí àṣìṣe ìgbà èwe wọn di àánú fún ọmọ àbúrò wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kíkẹ́lọmọ. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísì Màríà Joaquim, tó fi bàtà rere tẹ ẹrẹ̀ wọ agbo ilé wa. Wọ́n ti lọ tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n wá gbà lọ́jọ́ náà, àwa méjì ni wọ́n gbà là.